Àga Ìdí Kọ̀ǹpútà

"Má sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ o," ni Àǹtí Aránṣọ wí. Píìnì méjì wà láàárín ètè rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀. "Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tiwa àti tiyín, ògiri ọ̀hún náà ò sì... Wọ́n ní bàbá rẹ ní tí pírńtà tuntun yẹn bá dé... pé kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà... kí ọmọ òun..."

Ó yọ píìnì kan, ó fi gún aṣọ tó wà níwájú rẹ̀.

"Kí ọmọ òun dìde níbẹ̀. Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn. Oníbàárà wọlé."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé mo ní ẹnì kan sọ fún mi ni? Mo ní wọ́n ní."

Òwú dúdú ni mo wá yá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbàgbé òwú síbẹ̀, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́wọ́ òfo.

Bàbá mi ń dìwé. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, tí eku ti jẹ etí rẹ̀, tí ojú-ewé rẹ̀ ń já bọ́ bí ewé ọdán, òun ni wọ́n ń kó wá fún un. Ṣọ́ọ̀bù wa ò ju yàrá kan lọ. Tábìlì Bàbá wà lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Àga Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ní kọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà wà, àti pírńtà, àti àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀. Èmi ni mo ni àga yẹn. Èmi ni mo ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú náà, èmi ni mo sì fi àjákù aṣọ tí Bàbá fi ń bo ẹ̀yìn ìwé rán ìrọ̀rí sí i.

Mi ò lọ sílé-ìwé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ a máa há mi lọ́fun níwájú èèyàn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí Bàbá fi ní kí n jókòó sílé. Ìyá Àgbà ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ìwé oníwèé tó wá fún dídì la fi kọ́ ọ: ìwé òfin ilẹ̀, ìwé ìtọ́jú màlúù, ìwé ìṣirò kan tí ojú-ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ogójì. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó wà nínú ìṣirò kó tó dé ogójì, àmọ́ mo mọ gbogbo àrùn tó ń ṣe màlúù.

Kọ̀ǹpútà yẹn ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló yọ ètò tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, nítorí pé ó ti ń mú un rìn bí ẹni tó ru òkúta, ó sì fi Línúùsì, ètò ọ̀fẹ́ kan tó fúyẹ́, sí i dípò. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ó ní, "Ìwọ lo ni ín báyìí." Mo gbà á gbọ́. Mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nípa kíka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti nípa bíba nǹkan jẹ́ kí n tó tún un ṣe.

Línúùsì ò níṣòro, àmọ́ kì í ṣe gbogbo pírńtà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá ti ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á ti mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Òmíràn wà tó jẹ́ pé kó o sunkún, kó o búra, kò ní dá ọ lóhùn. Èyí tó burú jù ni oníméjì: yóò tẹ̀wé fún ọ dáadáa, àmọ́ tó o bá ní kó fi dígí rẹ̀ ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n ń pè ní sikáànì, á di odi. Nítorí náà ni mo ṣe ní ìwé ajákọ kan. Gbogbo pírńtà tí mo bá ti fọwọ́ kàn, yálà ní ilé ìwòsàn òdìkejì títì tàbí lọ́dọ̀ lọ́yà tó wà lókè, mo máa ń kọ ìwà rẹ̀ sínú ìwé yẹn. Mo fún wọn lórúkọ bí èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ó ní ìwé ẹ̀sùn ni.

Oṣù kẹrin rèé tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dé sọ́dọ̀ wa, kí ọkọ rẹ̀ tó rí ilé tó gba èèyàn méjì níbi iṣẹ́. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyàwó. Yunifásítì ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, síbẹ̀ "ẹ" ló ń pè mí, nítorí pé ó bá mi nílé, kò sì jẹ́ pe orúkọ mi rí. Akọ̀wé ló sọ mí. Mo wá àbùkù sí i lára títí, mi ò rí, èyí ló sì dùn mí jù.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀. Tó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́, a jẹ́ pé ara rẹ̀ yá. Láti ìgbà tí Ìyàwó dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyàwó nìkan ń gba márùn-ún nínú mẹ́wàá yẹn. Lọ́jọ́ kan ó gbé aṣọ ẹ̀yìn ìwé aláwọ̀ méjì dání, pupa àti àwọ̀ ewé, ó yíjú sí Ìyàwó, ó ní, "Kí lo rò?" Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé lábẹ́ òrùlé ọkùnrin yẹn. Kò bi mí ní kí ni mo rò rí. Pupa ni Ìyàwó mú, pupa náà ló sì yẹ ìwé ọ̀hún. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo fọwọ́ kan àyà mi lọ́jọ́ yẹn, ó dà bíi pé òótọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ pírńtà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ilé-ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò kó rẹ́jísítà àtijọ́ wá, méjìlélógójì. Kí a tó dì wọ́n, wọ́n fẹ́ kí a ya gbogbo ojú-ewé wọn sínú kọ̀ǹpútà, kó sì parí kí àwọn ọmọ tó wọlé. Pírńtà wa ya ojú-ewé mẹ́ta, dígí rẹ̀ dúdú, ó kú. Bàbá ní a ó ra tuntun, oníṣẹ́ mẹ́ta nínú ẹyọ kan: tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe ẹ̀dà, tó sì ń ṣe sikáànì. Ọjọ́ tí mo lọ ra okùn ìránwèé ni òun àti Ìyàwó jókòó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, lójú Ìyá Àgbà, létí ògiri Àǹtí Aránṣọ.

Ó yẹ kí n ti bi Ìyá Àgbà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Bí o bá bi í ní ohun tí ẹnì kan sọ, bí onítọ̀hún ṣe sọ ọ́ gan-an ni yóò sọ ọ́, pẹ̀lú ikọ́ àti ìdákẹ́ inú rẹ̀. Àmọ́ bí o kò bá bi í, kò ní la ẹnu. Ó ní ògbufọ̀ tó bá ń sọ ohun tí adájọ́ ò bi í, aláròkà lásán ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró níwájú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbójú sókè wò mí, ó dúró. Ojú tì mí láti sọ pé ọ̀rọ̀ ara ògiri ni mo gbà gbọ́. Mo bi í bóyá ó fẹ́ tíì.

Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ Àǹtí Aránṣọ, Ìyàwó wá bá mi.

"Akọ̀wé, ẹ má bínú. Bàbá fẹ́ ká ra pírńtà yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká jọ yàn án. Ẹ bá mi mú ìwé yín wá."

Mo wò ó. Ẹni tó fẹ́ gba àga mọ́ mi nídìí tún ń bẹ̀ mí pé ká jọ gbé e.

"Màá wá a," ni mo wí. "Mi ò rántí ibi tí mo fi sí."

Abẹ́ ìrọ̀rí tí mo jókòó lé ló wà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Bàbá lọ ra awọ, Ìyàwó bá a lọ, Ìyá Àgbà sì ń tòògbé. Mo ṣí ìwé mi sí ibi tí mo ti kọ̀wé nípa pírńtà kan tí mo sọ ní Oníkùn, nítorí àpò yíǹkì ńlá tó wà níwájú rẹ̀. Ojú-ewé àkọ́kọ́ dùn ún kà: ó ń tẹ̀wé kíákíá, ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, Línúùsì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ń pẹ́. Ẹ̀yìn ewé yẹn ni mo ti kọ ọ́ pé: *Àmọ́ sikáànì rẹ̀ ò bá Línúùsì sọ̀rọ̀. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbìyànjú ní ilé ìwòsàn. Òfo.* Lójú ewé tó kọjú sí i, mo kọ ọgbọ́n tí mo padà ta sí i.

Mo pò gọ́ọ̀mù, mo jẹ́ kó ṣàn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fà á láti àárín lọ sí etí, mo pa ewé méjèèjì pọ̀. Mo mú egungun pẹlẹbẹ tí Bàbá fi ń tẹ ewé, mo fi tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kí ibì kankan wú. Mo gbé òkúta lé e fún wákàtí kan. Nígbà tó gbẹ, ewé méjì ti di ẹyọ kan, ojú-ewé méjì sì ti kúrò láyé.

Èrò mi ni pé kí Ìyàwó ra Oníkùn, kó dàmú. Nígbà tó bá ti sú u níwájú gbogbo ilé, màá dìde, màá ṣe ọgbọ́n tí mo mọ̀, Bàbá á sì yíjú sí mi, á ní, "Kí lo rò?"

Mo gbé ìwé náà fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi bí ọmọdé tó ń kàwé.

"Ẹ wò ó bí ẹ ṣe kọ ọ́. Àwọn olùkọ́ wa ò kọ́ wa báyìí." Ó dé orí èyí tí mo ń pè ní Olójú Kan. "Gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lọ́ra. Oníkùn yìí ló yá jù, àbí? Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú u. Ìwé yín ni mo gbà gbọ́ ní tèmi, ẹ̀yin fọwọ́ kàn án. Sikáànì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò kọ ọ́ síbí. Ó ń ṣiṣẹ́?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò la ẹnu. Nígbà yẹn mo rò pé irọ́ tí èèyàn ò fi ẹnu pa ò wúwo tó tẹnu.

Oníkùn dé lọ́jọ́ kẹta. Ìyàwó tú u nínú páálí, ó to gbogbo ọ̀rá rẹ̀ jọ, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó sì ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Àga mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jókòó. Mo rò pé ó kórìíra ìrọ̀rí mi ni.

Ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó mọ́ bí omi òjò. Àǹtí Aránṣọ wá wò ó pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Pírńtà yìí sanra o. Ta ló fún un lóyún?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Ìyàwó gbé rẹ́jísítà àkọ́kọ́ sórí dígí, ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣe sikáànì. Ó tún un tẹ̀. Ó pa á, ó tàn án. Ó wá ètò mìíràn fi sí i, ó yọ ọ́. Ilẹ̀ ṣú, a ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kejì, bákan náà. Bàbá dúró pẹ̀lú rẹ́jísítà lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tí kò rí ibi tẹ́ ẹ sí. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí ilé-ìwé wọlé. Àǹtí Aránṣọ yọjú.

"Yunifásítì ọ̀hún náà ò ju báyìí lọ, àbí kí ni kí n wí?"

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́. Ó dùn tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà mo rí ẹ̀yìn ọrùn Ìyàwó bó ṣe tẹ̀ sórí ẹ̀rọ yẹn, ó ti làágùn, dídùn náà sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, èmi ni mo yàn án. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ àwọn tó tà á fún wa, bóyá wọ́n á gbà ká pààrọ̀ rẹ̀."

Kò dárúkọ mi. Kò dárúkọ ìwé mi. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n dìde, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣètò rẹ̀. Mo dìde lóòótọ́, ọ̀rọ̀ sì há mi lọ́fun bíi ti ìgbà èwe.

Bàbá wò mí. "Gbé ìwé rẹ wá."

Mo gbé e fún un. Kò kà á. Ó dì í mú ní ẹ̀yìn, ó fi àtàǹpàkò sí etí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ewé máa já lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ṣe sí ìwé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Bàbá ò nílò kí ojú rẹ̀ ríran láti mọ iye ewé tó wà nínú ìwé. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún dúró síbì kan náà.

Ó rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé ewé náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ki egungun pẹlẹbẹ sí igun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ewé méjèèjì sì ya ara wọn.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Bàbá, ó lè jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ló dà sí i," ni Ìyàwó wí kíákíá. "Ṣọ́ọ̀bù tí gọ́ọ̀mù pọ̀ sí báyìí."

"Gọ́ọ̀mù tó bá dà kì í dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó fi ìka ra etí ewé náà. "Ọwọ́ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi gan-an ò lè lẹ̀ ẹ́ báyìí mọ́."

"Èmi ni," ni mo wí.

Bàbá gbé ìwé náà súnmọ́ fèrèsé, ó sì ka ohun tí mo kọ sókè, ojú-ewé tó sọ pé òfo, àti èyí tó kọjú sí i: *Má bá kọ̀ǹpútà jà. Ki fíláàṣì sí ihò tó wà níwájú Oníkùn, kó o tẹ bọ́tìnì sikáànì lára òun fúnra rẹ̀. Yóò ya ìwé náà sórí fíláàṣì. Kó o wá gbé fíláàṣì fún Línúùsì. Bí tọkọtaya bá ń bínú síra wọn, èèyàn ló ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn.*

Ìyàwó mú fíláàṣì kékeré tí a fi ń kó ìwé pamọ́, ó ki í bọ̀ ọ́. Ó gbé rẹ́jísítà sórí dígí, ó tẹ bọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ rìn lábẹ́ rẹ̀ láti òpin kan dé ìkejì. Nígbà tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn ọmọ ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn jáde, títí kan ẹni tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó ń sùn ní kíláàsì.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́," ni Ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ kéré. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá pa ìwé mi dé. "Kí ni Ìyàwó ṣe fún ọ?"

"Wọ́n ní..." Ọ̀rọ̀ há, mo dúró kó kọjá. "Wọ́n ní ẹ ní kí n dìde lórí àga yẹn, kí Ìyàwó jókòó."

"Àwọn wo ló ń jẹ́ wọ́n?"

Àǹtí Aránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún un pé mi ò gbọ́ parí. Ẹ bi í, mo sọ fún un."

Bàbá la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á dé. Iye ọ̀rọ̀ tó ní lọ́jọ́ yẹn ti tán. Ó yíjú sí fèrèsé.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìyá Àgbà, kí ni wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti ń retí pé kó o bi mí," ni Ìyá Àgbà wí.

Ó nà ró lórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bó ṣe máa ń ṣe ní kóòtù, ó sì fi ohùn tí kì í ṣe tẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Bàbá rẹ ní: 'Ìyàwó, tí pírńtà tuntun yẹn bá dé, kí ìwọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí ọmọ mi dìde níbẹ̀.' Ó wúkọ́. Ó ní: 'Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mo fẹ́ kó wá dúró ti tábìlì mi, kí n kọ́ ọ níṣẹ́ yìí kí ojú mi tó ṣú. Àmọ́ kí òun ló yan pírńtà yẹn kó tó dìde, kó má dà bí ẹni pé a lé e.' Ìyàwó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: 'Bàbá, èmi àti Akọ̀wé á jọ yàn án. Àmọ́ mi ò ní jókòó lórí àga wọn, àfi tí wọ́n bá fà á fún mi fúnra wọn. Tí inú wọn ò bá dùn sí i ńkọ́?' Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní: 'Ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń tì í, kò ní inú burúkú. Ọmọ mi yẹn ò lè fi ohun tó mọ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.'"